Corolla 2006 mi ń kú lójú ọ̀nà, P0335 àti P0340 ò kúrò: ṣé sẹ́ńsọ̀ ni àbí brain box?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ ẹ mọ̀ nípa mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Corolla 2006 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8. Ó ti tó oṣù méjì báyìí tó máa ń kú fún mi tó bá ti gbóná, pàápàá nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ó kú sí Ògèrè nígbà tí mò ń bọ̀ láti Èkó, mo jókòó síbẹ̀ tó ogójì ìṣẹ́jú kó tó tún dáhùn. Iná check engine wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n fi skánà sí i, kóòdù P0335 àti P0340 ló gbé jáde. Mẹkáníìkì mi ti pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kránkì lẹ́ẹ̀mejì, ó pààrọ̀ ti kámù lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ìgbà tó bá pààrọ̀ ẹ̀ ló máa ń dáa fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó wá ní brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) ló bàjẹ́ báyìí, kí n lọ wá owó. Ṣé òótọ́ ni?

* * *

Ẹ má tíì wá owó kankan o. Mo ti ń ṣe ríwáyà, iṣẹ́ iná mọ́tò, n'Ìbàdàn fún ọdún 16, kóòdù méjì yìí sì wà lára àwọn tó ń jẹ owó àwọn èèyàn jù lọ, torí ẹni tó bá ti rí i lójú skánà, ọjà ló máa ń kọrí sí.

Kóòdù yẹn ò sọ pé sẹ́ńsọ̀ bàjẹ́. Ẹ tún un kà dáadáa, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni sáàkíìtì sẹ́ńsọ̀ kránkì, sáàkíìtì sẹ́ńsọ̀ kámù. Sáàkíìtì ni gbogbo ojú ọ̀nà láti ẹnu sẹ́ńsọ̀ títí wọ inú brain box: sẹ́ńsọ̀ fúnra ẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kì bọ̀ ọ́, wáyà tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì kọjá, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lára brain box, brain box náà. Bẹ́ ẹ bá rán ọmọ lọ sí Dùgbẹ̀ tí kò tètè dé, ẹ máa tọ ọ̀nà tó gbà lọ ni, ẹ máa bi àwọn tó wà lójú ọ̀nà léèrè. Mẹkáníìkì yín ò tọ ọ̀nà kankan rárá. Ẹnu sẹ́ńsọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀ dé inú brain box, wáyà tó wà láàárín méjèèjì ò kàn án.

* * *

Ẹnìkan ní kí n ṣàlàyé ohun tí sẹ́ńsọ̀ méjèèjì ń ṣe, torí àwọn èèyàn ń fi ọ̀kan pe ìkejì.

Kránkì ni ọ̀pá tí písítìn ń yí, kámù ni ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Ti kránkì ló wà nísàlẹ̀, nítòsí púlì tí fánbẹ́lítì ń gbà kọjá. Irin róbótó eléyín kan wà lára kránkì níbẹ̀, ó jọ ti ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere, àyè eyín 36 ló ní àmọ́ wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yọ 2, ó ku 34. Bí eyín kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń kọjá níwájú mágínẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ ni iná kékeré ń jáde, tí àlàfo eyín méjì yẹn bá sì ti kọjá ni brain box máa mọ ibi tí písítìn wà. Ti kámù wà lókè lára head. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kránkì máa yí kí kámù tó yí ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn ni kránkì nìkan ò fi lè sọ bóyá písítìn tó ń gòkè bọ̀ yẹn fẹ́ jó epo ni àbí èéfín ló fẹ́ lé jáde. Kámù ló ń là á.

Tí kránkì bá dákẹ́, ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn, plọ́ọ̀gì ò ní tanná, ińjẹ́tọ̀ ò ní fún epo. Tí kámù bá dákẹ́, ọ̀pọ̀ mọ́tò á ṣì máa lọ, àmọ́ ẹ máa kíìkì títí kó tó dáhùn, kò sì ní lágbára bó ṣe yẹ. Torí náà mọ́tò tó ń kú fin-ín lójú ọ̀nà bíi tiyín, ẹ̀gbẹ́ kránkì ni mo máa kọ́kọ́ wò.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ lókè. Àwọn kan ní sẹ́ńsọ̀ tó rà ni kò dáa, kó lọ ra ojúlówó. Àwọn kan ní kó yọ orí bátìrì fún wákàtí kan kí kóòdù lè parẹ́. Àwọn kan gbè lẹ́yìn mẹkáníìkì. Ẹnìkan wá ní bátìrì ni, ẹ sì kó èébú bò ó, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ nítumọ̀ o. Tí bátìrì bá ti rẹ̀, tí kíìkì ń yí ẹ́ńjìnnì bí ẹni tí oorun ń kùn, iná tí sẹ́ńsọ̀ onímágínẹ́ẹ̀tì yìí ń mú jáde máa kéré jù, torí bí irin yẹn bá ṣe ń sáré sí ni iná ẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí. Brain box á ní òun ò rí nǹkan kan, á kọ kóòdù sílẹ̀. Mo ti bá irú ẹ̀ pàdé, bátìrì nìkan la pààrọ̀. Ibi tí ò ti bá ti bọ̀dá yìí mu ni pé mọ́tò tiwọn ti ń lọ kó tó kú, bí ọ́tánétọ̀ bá sì ń ṣiṣẹ́, bátìrì ò lè pa mọ́tò tó ti ń lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n yọ orí bátìrì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa gba èèyàn nírú ìmọ̀ràn yẹn. Nígbà tí kóòdù bá wọlé, brain box máa ń ya nǹkan sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀: bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó nígbà yẹn, eré tó ń sá, bó ṣe ń yí tó. Ẹ̀rí nìyẹn. Ẹ bá yọ orí bátìrì, gbogbo ẹ̀ á lọ, ríwáyà tó bá wá wò ó lẹ́yìn náà ò ní rí nǹkan kan dì mú. Ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù ya ojú skánà.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sórí mọ́tò bọ̀dá. Nǹkan méjì ni wọ́n sọ tó jẹ́ kí n fura.

Ìkíní, kóòdù méjì ló jọ wọlé. Ṣé sẹ́ńsọ̀ méjì tó wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, wá jọ bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà? Kò wọ́pọ̀. Ohun tí méjèèjì jọ ń lò ni kẹ́ ẹ wá. Lórí ẹ́ńjìnnì 1ZZ tó wà nínú Corolla yìí, sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì-méjì ni wọ́n. Kránkì ní wáyà tiẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NE+, kámù ní G2 tiẹ̀, àmọ́ wáyà ìpadàbọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì jọ ń lò wọ inú brain box, òun ni wọ́n ń pè ní NE-. Tí NE- bá já níbi tí ti àwọn méjèèjì ti pàdé, àwọn méjèèjì ló máa dákẹ́ pọ̀.

Ìkejì, wọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ló máa ń dáa fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin. Kí ni mẹkáníìkì máa ń ṣe tó bá fẹ́ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀? Ó máa yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó máa fa wáyà sókè sódò, ó máa kì í padà. Wáyà tó ti já nínú awọ máa fara kanra nígbà tí wọ́n bá fà á bẹ́ẹ̀, mọ́tò á sáré, inú gbogbo èèyàn á dùn. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá gbọ̀n dáadáa tó sì gbóná, wáyà á tún ya.

Mo lè ṣì í o, àmọ́ wáyà ni mo máa kọ́kọ́ wò, kí n tó na náírà kan.

* * *

Ẹnìkan fèsì pé mọ́tò tó ń kú tó bá gbóná tó ń dáhùn tó bá tutù, sẹ́ńsọ̀ ni, pé kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Wáyà tín-ín-rín tí wọ́n wé sínú sẹ́ńsọ̀ lè ti já, ooru á ya á, òtútù á dá a padà. Nissan pàápàá ti pe Altima àti Sentra oní-2.5 padà rí ní Amẹ́ríkà nítorí sẹ́ńsọ̀ kránkì. Bẹ́ ẹ bá fura sí i bẹ́ẹ̀, ẹ fi aṣọ tẹ́ ẹ rẹ sínú omi tutù lé sẹ́ńsọ̀ yẹn lórí nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ dípò ogójì ìṣẹ́jú, ọwọ́ ti ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Àmọ́ kránkì tuntun méjì ló ti wọ mọ́tò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àti pé ooru tó ń ya wáyà inú sẹ́ńsọ̀, ṣé kò lè ya wáyà ìta ni?

* * *

Bí mo ṣe máa ń wò ó rèé, mítà kékeré tí wọ́n ń tà lójú títì tó fún un.

Mo máa ń kọ́kọ́ kíìkì ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá kọ̀ láti dáhùn, kí skánà wà lára ẹ̀, kí n máa wo RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan). Tó bá ń yí tí RPM sì wà lórí 0, signal kránkì ò dé inú brain box. Tó bá ń fi 200 tàbí 250 hàn, kránkì ń sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ lọ wá ibòmíràn. Èyí ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, skánà Bluetooth kékeré téèyàn ń fi fóònù lò sì lè ṣe é. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onípíìnì 16 tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú awakọ̀, gbogbo mọ́tò kékeré tí wọ́n ti tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní i, torí náà tokunbo yín máa ní i.

Lẹ́yìn náà ni màá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀, màá gbé mítà sórí ọ́ọ̀mù, màá wọn sẹ́ńsọ̀ nígbà tó tutù àti nígbà tó gbóná. Nọ́ńbà á yí díẹ̀ torí ooru, ìyẹn ò burú. Èyí tí kò dáa ni kó di ìlà tí mítà ò lè kà, tàbí kó máa fò sókè sódò tẹ́ ẹ bá mì wáyà ẹ̀. Ẹ tún lè gbé mítà sórí fọ́ltì AC kí ẹnìkan bá yín kíìkì, sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì tó bá yè máa fi iná kékeré hàn níbẹ̀.

Tí sẹ́ńsọ̀ bá yè, wáyà ló kàn. Ẹ tú orí bátìrì kúrò, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box, ẹ fi ẹnu mítà kan sí ìdí wáyà níbẹ̀, ẹ fi ìkejì sí ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀. Kò gbọ́dọ̀ tó ọ́ọ̀mù 1. Kẹ́ ẹ wá máa fi ọwọ́ mì ín, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ sì má gbé ojú kúrò lára mítà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń wọn wáyà tó dúró jẹ́ẹ́, wọ́n á ní ó dáa, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ń mì ló ń já.

* * *

Bọ̀dá tó ní òun máa ń fi tester oníbọ́ọ̀bù ṣe gbogbo iṣẹ́ òun, tó sì ní mítà ò wúlò, ẹ má bínú, a ò lè gbà síra wa lórí èyí. Iná tó wà nínú wáyà signal kéré gan-an, kò lè tan bọ́ọ̀bù yẹn, torí náà kò ní sọ nǹkan kan fún yín. Tẹ́ ẹ bá sì fi í kan wáyà tó lọ sínú brain box, ẹ lè ba inú ẹ̀ jẹ́.

Èyí tó tún burú sí i ni abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n á fi gún awọ wáyà, wọ́n á wò ó, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á lọ. Ihò yẹn ò ní dí láé. Òjò á wọ̀ ọ́, omi fọmọ́tò á wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́ bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é, mo sì gún wáyà àwọn èèyàn tó pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, mọ́tò kan tí mo ti gún wáyà ẹ̀ rí padà wá bá mi, mo là á, mo rí ohun tí mo ṣe síbẹ̀, ó dùn mí débi pé n ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà fún iṣẹ́ yẹn. Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mò ń gbà wọn wáyà, n kì í gún awọ mọ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ Belgium (àlòkù láti òkè òkun) àti tuntun tẹ́ ẹ fi ń bá ara yín jà: kí n sọ tèmi ní kíákíá. Ní Àràròmí ní Gate níbí, àti ní Ládípọ̀ l'Ékòó, tuntun inú páálí tó dán gbinrin lè jẹ́ ayédèrú, Belgium tí wọ́n yọ lára ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ sì lè sàn jù ú lọ. Fún sẹ́ńsọ̀ kránkì oníwáyà méjì, èmi fara mọ́ Belgium tí nọ́ńbà ara ẹ̀ bá bá ti àtijọ́ mu, tí mo sì ti fi mítà wọn níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ mú mítà yín dání lọ sí ọjà. Ontajà tó bá kọ̀ kẹ́ ẹ wọn, ẹ kúrò níwájú ẹ̀.

* * *

Brain box wá ńkọ́. N ò sọ pé kì í bàjẹ́ o, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí sí mi lẹ́nu. Ní 2010, Toyota fúnra wọn kéde pé kí àwọn tó ni Corolla àti Matrix 2005 sí 2008 dá wọn padà, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 1 lápapọ̀, torí pé brain box wọn lè sán níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀ nínú, kí mọ́tò máà dáhùn mọ́ tàbí kó kú lórí ìrìn. Corolla 2006 bọ̀dá wà láàárín ọdún yẹn. Torí náà mẹkáníìkì wọn ò sọ ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀.

Ìjà tí mo ń bá a jà ni pé kò wọn nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ brain box gbọ́dọ̀ lè sọ pé: mo rí signal lẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì brain box nígbà tí a ń kíìkì, skánà ṣì ń sọ pé RPM 0. Ìgbà yẹn la máa gbà fún un. Àti pé brain box àlòkù tí wọ́n bá gbé wá láti ara mọ́tò míì, tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò yín bá ní kóòdù nínú, ó lè kọ kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ̀ẹ̀kejì owó nìyẹn.

* * *

Ẹni tó bèèrè P0016, tiyín ò jọ tibí o, ẹ má bá wọn lọ wá wáyà kiri. P0016 túmọ̀ sí pé sẹ́ńsọ̀ méjèèjì ń sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn ò dọ́gba, ibi tí kránkì ní òun wà àti ibi tí kámù ní òun wà ò bára mu. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni kẹ́ ẹ wò: tàímíìn ṣéènì tó ti nà, tẹ́ńsónà tó ti rọ̀, gíyà VVT (èyí tó ń yí àkókò kámù padà), tàbí ẹni tó tú ẹ́ńjìnnì tó dá ṣéènì padà pẹ̀lú eyín kan tó yẹ̀. Kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ yọ ọ̀pá ọ́ìlì. Ọdún tó kọjá, mọ́tò kan dé bí irú èyí, ọ́ìlì tí mo fi ìka fà lára ọ̀pá ẹ̀ ki bí ọ̀dà, ó dúdú, òórùn jíjó ń jáde lára ẹ̀. Láàárọ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ sítáàtì, ẹ́ńjìnnì á ké krrrr fún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó dákẹ́. Ṣéènì ti lọ. Wọ́n ti ra sẹ́ńsọ̀ kámù méjì sí i kí wọ́n tó gbé e wá. Ẹ má wa mọ́tò yẹn lọ sí ìrìn-àjò o, tí ṣéènì bá fò, ìwé owó tó máa tẹ̀lé e ò ṣeé gbọ́.

* * *

Bọ̀dá oníbèéèrè ti padà wá. Wọ́n ní wọ́n bá ríwáyà míì lọ, ọ̀kan tó ní mítà. Sẹ́ńsọ̀ yè méjèèjì. NE- ń fi ọ́ọ̀mù 0.4 hàn tó bá dúró jẹ́ẹ́, tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ níbì kan lókè ibi tí wáyà kránkì ti gòkè wá pàdé ti kámù, mítà á fò, kò ní kà nǹkan kan mọ́. Wọ́n fi fọ́tò sí i, ẹ wò ó dáadáa. Ojú abẹ́rẹ́ ni lára awọ dúdú yẹn, kò ju ẹnu píìnì lọ. Nígbà tí wọ́n wá fi bíléèdì là á, bàbà inú ẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, ó ń já wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun sórí èékánná ríwáyà, okùn bàbà méjì péré ló ṣì di ara wọn mú. Okùn méjì yẹn ni mọ́tò ń fi rìn láti oṣù méjì.

Bọ̀dá, ẹ kú oríire, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ́ wáyà méjì pọ̀ kí wọ́n fi tépù wé e lásán. Kí wọ́n gé e padà sẹ́yìn ní apá méjèèjì títí wọ́n á fi dé ibi tí bàbà ṣì pupa tó ń dán, ìpẹtà àwọ̀ ewé yẹn máa ń bá inú awọ lọ ju ibi tójú ń rí. Kí wọ́n fi wáyà tó nípọn bákan náà dí àlàfo, kí wọ́n fi sọ́dà jó o, kí wọ́n ki ike tó ń súnkì bọ̀ ọ́ kí omi máà wọlé. Wáyà méjì tó jọ lọ́ pọ̀ láti ilé iṣẹ́, kí wọ́n tún wọn lọ́ pọ̀ bí wọ́n ṣe bá a. Kí wọ́n so ó mọ́ àyè ẹ̀ kó máà kan fánbẹ́lítì, kó sì jìnnà sí pọ́ọ̀pù èéfín.

Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá parí ni kí wọ́n tó pa kóòdù rẹ́. Ẹ wà á fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ tún gba Ògèrè kọjá lọ́sàn-án gangan, kẹ́ ẹ wá sọ fún wa bóyá iná yẹn tàn.